Àfáà Sàlíhù Ní Kí Wọ́n Wẹ Òkú Orí Gíláàsì

Aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú ni Hafeezat sáré wọ láàbù ilé-ẹ̀kọ́ gíga wọn l'Ọ́mù-Àrán, ló bá bá Àfáà Sàlíhù tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀, tó gbá àpótí gíláàsì Hafeezat mọ́yà gbágbáágbá bí ọmọ tuntun. Ní Rore tó ń gbé, Àfáà yìí kan náà ló ń wẹ òkú fún gbogbo àdúgbò. Aago mọ́kànlá géérégé sì ni Dókítà Ọlábọ̀wálé, ọ̀gá tó ń kọ́ Hafeezat, fẹ́ wo àwọn gíláàsì pẹlẹbẹ inú àpótí yẹn. Tí ò bá rí wọn, kí Hafeezat lọ tún ọdún kà ni.

"Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àpótí yẹn fún mi."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ni, orí gíláàsì ni wọ́n wà. Ó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i."

"Mo gbọ́ tí ò ń sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ pé wọ́n ti kú."

"Wọ́n ti kú, sà! Inú mi dùn gan-an!"

Àfáà fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri. "Inú ẹ dùn! Ìgbà wo ni wọ́n kú?"

"Mọ́ńdè."

"Tọ́sìdeè la wà yìí! Òkú ọjọ́ mẹ́rin, ẹ ò tíì sin ín! Mélòó ni wọ́n?"

"Wọ́n á tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún."

"Lahaola!" Àfáà wó sórí àga. "Ta ló pa wọ́n?"

"Àwọn fúnra wọn ni."

Àfáà fò dìde. "Ẹni tó bá pa ara ẹ̀, ìmáàmù kì í kírun sí i lára o!"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Àfáà. Wọ́n ti kọ ọ́ mọ́ wọn látìbẹ̀rẹ̀ ni. Púrótéènì kan wà nínú wọn, ó dà bí ọ̀bẹ inú àkọ̀. Tí àkókò bá ti tó, ọ̀bẹ yẹn á yọ. Aró tí mo rẹ wọ́n sí, ara ọ̀bẹ tó ti yọ nìkan ló ń lẹ̀ mọ́. Èyí tó bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tiẹ̀ ti parí."

"Wọ́n ti kọ ọ́... àkókò tó..." Àfáà ń mi orí bí alángbá. "Kádàrà ni! Ikú Ọlọ́run ni wọ́n kú. Ó dáa, jẹ́ n pọn omi."

"Omi kẹ̀?"

"Ṣé wọn kì í wẹ òkú nílé yín ni?" Ó ti ki kànìnkànìn bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Hafeezat di ọwọ́ ẹ̀ mú. "Tí kànìnkànìn bá kàn án, gbogbo ẹ̀ á bó dànù! Àfáà, obìnrin ni wọ́n!"

"Gbogbo wọn?"

"Ara ọmú obìnrin kan ni wọ́n ti mú wọn."

Kànìnkànìn já bọ́. "Astagfirullah! Èmi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Fulera ìyàwó mi ló ń wẹ obìnrin. Ó lọ s'Árándùn. Tá a bá kírun Àsárì tán, á ti dé."

"Àsárì kẹ̀! Mo ti wẹ̀ wọ́n."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún." Kò purọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní láàbù nìyẹn.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta! Ta ló kọ́ ẹ? Omi kí ni?"

"Omi oníyọ̀."

"Káńfọ̀ làwa ń fi sómi òkú. Ó sún mọ́ ọ ṣá. Aṣọ òkú ńkọ́?"

Hafeezat yọ gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bo sẹ́ẹ̀lì. Àfáà gbé e sójú wíńdò.

"Èyí tí mò ń rí ìta láti inú ẹ̀! Ìhòòhò lẹ fẹ́ gbé wọn lọ!"

"Àfáà, ta ló fẹ́ rí wọn? Ẹ̀yin gan-an, ẹ rí wọn?"

Àfáà yọjú wo inú àpótí. "N ò rí nǹkan kan. Ó dáa. Bọ́ sẹ́yìn mi."

Ó gbé àpótí síwájú fíríìjì, ó kọjú sí gábàsì, ó kábàrá ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó wá mú àdúà gùn bí ọ̀nà Ìsánlú-Ìsin. Fóònù ń gbọ̀n gìrìgìrì lápò Hafeezat. Ó ń ṣe àmín, àmín, ó ń fẹsẹ̀ jó.

Nígbà tí Àfáà sálámà tán, aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú méjì. Ó gbé àpótí lé e lọ́wọ́ jẹ́jẹ́.

"Ọ̀gá yín ló ni òkú, àbí?"

"Òun ni, Àfáà!" Hafeezat ti ń sáré lọ.

"Bá mi kí i, ó kú àráfẹ́rakù o! Fídáù di ọjọ́ kẹjọ! Kó má wulẹ̀ da ara ẹ̀ láàmú lórí màálù. Òkú kékeré ni. Àgbò méjì ti tó!"