Ọjọ́ Tí Àrówólò Lọ Dọ̀bálẹ̀ ní Dansoman

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà Àrówólò kí n tó tú àṣírí rẹ̀. Kì í jalè, kì í mutí, kì í sì í bá èèyàn jà. Káfíńtà gidi ni ní Madina, ní ìlú Accra. Àga tó bá kàn, ọmọ ọmọ ẹni yóò jókòó lórí rẹ̀. Àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹnu. Ọlọ́run fún àwa yòókù ní ẹnu ká fi jẹun, ká sì fi kí èèyàn. Tirẹ̀, bó bá ti là á báyìí, ara rẹ̀ ló máa fi yìn.

Bí wọ́n bá ní pákó wúwo, á ní òun ti fi orí ru kọ́bọ́ọ̀dù láti Madina dé Tudu rí, òun nìkan, òun sì ń súfèé lọ. Bí wọ́n bá wá dárúkọ alùpùpù, ẹ ti wọ gàù nìyẹn. "Alùpùpù kẹ̀? Orí alùpùpù ni wọ́n bí mi sí!" Àwa tí a mọ ìyá rẹ̀ mọ̀ pé orí ibùsùn ni wọ́n bí i sí, bíi ti gbogbo ayé.

Ní Sátidé kan, Faruk ọ̀rẹ́ rẹ̀ ra alùpùpù pupa. Kí Faruk tó bi í pé, "Chale, ṣé o mọ̀ ọ́n gùn?", Àrówólò ti gba kọ́kọ́rọ́, ó ti gorí rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọjà Madina lọ, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, débi pé ìyá kan tó ru agbọ̀n tòmátì fi ẹsẹ̀ rìn kọjá rẹ̀. Nígbà tó dé iwájú àwọn tó ń ta pákó, ó ní kí òun juwọ́ sí wọn kí wọ́n lè rí òun dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún ló jù. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn kan náà ni wọ́n fi ń darí eré alùpùpù. Kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀ tán, ó ti wà nínú gọ́tà, alùpùpù sì wà lórí rẹ̀.

Kò sí ọkọ̀ tó gbá a o. Kò sí ẹni tó sáré gba iwájú rẹ̀. Ewúrẹ́ kan ló wà nítòsí, òun náà dúró jẹ́jẹ́ létí ọ̀nà, ó ń jẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bí Àrówólò bá ṣubú, ńṣe ló ń wo ẹni tó rí i. Gbogbo ọjà ló sì rí i.

Ní ọsibítù, wọ́n ní èjìká rẹ̀ ọ̀tún ti yẹ̀ kúrò ní ibùjókòó rẹ̀. Wọ́n fà á padà, wọ́n fi aṣọ gbé ọwọ́ náà kọ́ ọ lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ gọ́tà ti parí níbẹ̀ lójú tirẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó sọ fún àwọn tó wá kí i pé trotro kan, bọ́ọ̀sì akérò, ló kọ lu òun. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, trotro ti di méjì. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, tírélà tó kó sìmẹ́ǹtì bọ̀ láti Tema ti dé sí i, Àrówólò sì ti fò kọjá lórí rẹ̀ kó tó balẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá èjìká lọ́dọ̀ obìnrin kan ní ọsibítù náà. Wọ́n ní kí ó kọjú sí ògiri, kí ó máa fi ìka rìn gòkè. Ó ní, "Madam, ṣé kí n dúró ní àjà ni àbí kí n kọjá?" Ìka rẹ̀ dé ọ̀gangan ìdodo rẹ̀, ó dúró. Ó dijú, ó tún tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Màmá kan tó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún ń ṣe tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìka màmá kọjá tirẹ̀, ó kọjá etí, ó kọjá orí. Màmá bojú wẹ̀yìn, ó sì bá a kẹ́dùn ní Twi: "Due, me ba."

Wọ́n tún ní kí ó máa bẹ̀rẹ̀ síwájú, kí ó jẹ́ kí ọwọ́ náà máa rọ̀ wálẹ̀, kí ó máa fi yí òbírípo. Ẹlòmíì á ṣe é nínú yàrá. Àrówólò ní tirẹ̀, etí títì ló ti lọ ṣe é, kí aráyé lè rí akọni tó ń gbáradì. Àbí ẹ ò mọ̀ pé ní Accra, ẹni tó bá fi ọwọ́ yí òbírípo létí ọ̀nà, Circle, ibùdókọ̀ ńlá yẹn, ló ń lọ? Trotro kan dúró gììrì. Méètì tó ń gba owó ọkọ̀ yọ orí: "Circle! Circle! Yɛnkɔ! Ká lọ!" Ojú tì í láti sọ pé èjìká lòun ń tọ́jú, ló bá wọlé. Ó dé Circle, kò ní ohunkóhun í ṣe níbẹ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ọwọ́ òsì ló fi san owó ọkọ̀. Méètì wo ọwọ́ náà, ó wo ojú rẹ̀. "Massa! Benkum?" Ó ní ṣé ọwọ́ òsì ni wọ́n ti fi ń fún òun lówó rí ni? Gbogbo ọkọ̀ ló yíjú wò ó. Àrówólò bẹ̀bẹ̀ títí, ó tún wọ trotro mìíràn padà sí Madina, ó sì tún gbọ́ tẹnu méètì ìyẹn náà.

Gbogbo èyí ì bá jẹ́ ẹ̀rín lásán bí kò bá sí ti Sherifa. Sherifa ni ọmọ tí Àrówólò fẹ́ fẹ́, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn. Alhaji Rájí ni bàbá Sherifa. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní Tudu, ilé rẹ̀ wà ní Dansoman. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Alhaji, kò sì ní ìṣòro pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, àfi ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kí. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ wá tọrọ Sherifa fi ìka kan ṣoṣo kan ilẹ̀. Alhaji bi í pé kí ló jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì, Zàíd tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, na ọwọ́ sí i pé kí wọ́n bọwọ́. Alhaji fún un ní omi tútù, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹni tí kò bá lè fi àyà kanlẹ̀ fún mi," Alhaji máa ń wí, "kò lè fi ọmọ mi lé àyà."

Alhaji ti wá dá ọjọ́ fún Àrówólò. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù, èjìká kò sì tíì san. Obìnrin ọsibítù ti kìlọ̀ fún un pé fún odidi oṣù mẹ́ta, kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹn ti ilẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi gbé ara rẹ̀ nílẹ̀.

Sherifa ní, "Àrówólò, bàbá mi kì í ṣe òǹrorò. Gbé ọwọ́ rẹ kọ́rùn, kó o sọ fún wọn pé o ṣubú. Wọ́n á ní kó o jókòó, wọ́n á tún ṣe ẹ́ pẹ̀lẹ́."

"Èmi! Kí n gbé ọwọ́ kọ́rùn lọ tọrọ ìyàwó? Kí wọ́n ní káfíńtà tí kò lè gbé òòlù ló fẹ́ gbé ọmọ àwọn?"

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Ẹni tó máa fẹ́ ọmọ Alhaji Rájí kì í wo ẹnu èjìká."

Ó bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀ sọ́nù. Òun àti Faruk fi ìdọ̀bálẹ̀ dánra wò lórí mátírẹ́ẹ̀sì. Lílọ sílẹ̀ kò le rárá. Nígbà tó fẹ́ dìde ni Faruk ní láti di ìdí ṣòkòtò rẹ̀ mú, kó fà á sókè.

Faruk ní, "Ta ló máa bá ẹ fa ṣòkòtò níwájú àna ẹ?"

"Ọjọ́ náà ni wàá rí agbára mi."

Ọjọ́ pé. Agbádá bo èjìká. Bọ̀dá Àkíbù, ẹ̀gbọ́n Àrówólò, ti dé láti Kumasi láàárọ̀ yẹn láti bá a tọrọ ìyàwó. Kò mọ nǹkan kan nípa èjìká, nítorí kò sí akọni tí í fi ìṣubú ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n. Faruk tẹ̀ lé wọn. Nínú pálọ̀, Alhaji jókòó sórí àga ńlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Màmá Adùnọlá, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sherifa wà ní yàrá, ó fi etí sí ẹnu ìlẹ̀kùn.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ̀bálẹ̀. Bọ̀dá Àkíbù rọra lọ sílẹ̀. Faruk rọra lọ sílẹ̀. Àrówólò fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, èjìká ọ̀tún ní òun ò bá wọn lọ, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì! Imú, àyà, ikùn, orúnkún, gbogbo rẹ̀ ló kan kápẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà.

Alhaji bọ́ ìgò ojú rẹ̀. "Háà! Ìdọ̀bálẹ̀ rè é o! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé!"

"Mo rí i," Màmá Adùnọlá ní. "Imú rẹ̀ kanlẹ̀ pàápàá."

"Ó tó, ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ mi."

Bọ̀dá Àkíbù dìde. Faruk dìde. Àrówólò gbìyànjú, èjìká gé e jẹ, ó padà sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé, ṣùgbọ́n ti ọmọ tí apá rẹ̀ ò gbé sókè ńkọ́? Bó bá jẹ́wọ́, a jẹ́ pé ó tan àna rẹ̀ jẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí kò bá jẹ́wọ́, báwo ló ṣe máa dìde? Ẹnu rẹ̀ tó ti ń kó o sí ìyọnu láti ọjọ́ yìí ló tún ràn án lọ́wọ́.

"Bàbá," ó sọ ọ́ sínú kápẹ́ẹ̀tì, "mi ò ní dìde, àfi tí ẹ bá fún mi ní Sherifa."

Omi lé ròrò sí ojú Alhaji. "Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti wà ní Accra. Mi ò rí irú èyí rí. Mo fún ẹ! Sherifa ti di tìẹ! Ó yá, dìde, àna mi."

Inú Àrówólò dùn gan-an, ó sì wà nílẹ̀ síbẹ̀.

"Bàbá, mi ò ní dìde, àfi tí ẹ bá ṣàdúrà fún wa."

Alhaji gbé ọwọ́ sókè. Ó ṣàdúrà fún ìyàwó, fún ọkọ, fún ọmọ, fún ọmọ ọmọ, fún Ghana, fún Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo ilé ń ṣe àmín, ti Àrówólò ń jáde láti ìsàlẹ̀. Àdúrà tán.

"Dìde wàyí."

"Mi ò ní dìde, àfi tí Màmá náà bá fọwọ́ sí i."

"Mo ti fọwọ́ sí i," Màmá Adùnọlá ní. "Dìde kó o wá jẹ wáákyè, ó ti ń tutù."

Òórùn wáákyè, ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, àti ti ẹja díndín wọ pálọ̀. Àrówólò wá ohun mìíràn tó lè tọrọ, kò rí i mọ́. Kò rí nǹkan kan níwájú rẹ̀ ju ẹsẹ̀ àga Alhaji lọ, ojú káfíńtà sì ni ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ti ń yẹ̀.

"Bàbá, mi ò ní dìde, àfi... àfi tí ẹ bá jẹ́ kí n tún àga yín kàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò dára."

Ojú Alhaji yí padà. "Àga kẹ̀? Ṣé ọmọ mi lo wá tọrọ àbí o wá yẹ ẹrù ilé mi wò?" Ó dìde fùú. "Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ fún mi!"

Faruk bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Bọ̀dá, ẹ má ṣe..." Kó tó sọ ọ́ tán, Bọ̀dá Àkíbù ti di apá ọ̀tún àbúrò rẹ̀ mú, ó sì fi gbogbo agbára Kumasi fà á.

"Yéèèè! Èjìká mi o!"

Wọ́n gbọ́ ọ dé ọjà Dansoman. Sherifa já jáde láti yàrá. "Ẹ fi sílẹ̀! Ẹ fi sílẹ̀! Èjìká rẹ̀ ti yẹ̀! Ó ṣubú lórí alùpùpù!"

Wọ́n gbé e jókòó sílẹ̀, wọ́n fi ògiri tì í lẹ́yìn. Alhaji tẹjú mọ́ ọn. "Kí ló gbá ẹ?"

"Bàbá, tírélà kan tó kó sìmẹ́ǹtì..."

"Kò sí tírélà, Bàbá," Sherifa ní. "Gọ́tà ni."

"Ewúrẹ́ kan wà níbẹ̀," Faruk fi kún un, bóyá ìyẹn á ṣèrànwọ́.

Alhaji padà jókòó. Àga náà mì, òun náà sì bojú wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "A jẹ́ pé gbogbo bó o ṣe dùbúlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, tí mò ń sunkún, kì í ṣe pé ò ń bọ̀wọ̀ fún mi?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Àrówólò sọ̀rọ̀ láì fi iyọ̀ sí i. "Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, Bàbá. Ìrora ló kàn pọ̀ jù ú lọ. Ẹ má bínú. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹ má baà fi Sherifa dù mí."

Màmá Adùnọlá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Faruk tẹ̀ lé e. Alhaji fi ọwọ́ bo ẹnu, ikùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n nígbà tó mú ọwọ́ kúrò, ó ti fajú ro padà.

"A kì í tutọ́ sílẹ̀ ká tún padà lá a," ó ní. "Mo ti sọ pé mo fún un, mo sì fún un náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kó yé ẹ dáadáa, Àrówólò: èjìká yẹn ló dọ̀bálẹ̀ fún mi, èjìká yẹn ni mo fún lọ́mọ. Máa tọ́jú àna mi fún mi."