Ọ̀gá Iwájú àti Bẹ́ǹṣì Ilé Ìgbẹ̀bí

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Ọ̀gá Iwájú jẹ́, ẹ má wo ojú rẹ̀. Ojú yẹn ti múra sílẹ̀ dè yín. Ẹ wo ọ́fíìsì rẹ̀. Iwájú nìkan ni wọ́n kùn ní ọ̀dà. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ẹ̀yìn wà bí bíríkìlà ṣe fi wọ́n sílẹ̀ ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ti wí, oníbàárà kì í gba ẹ̀yìn wọlé.

Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò yàtọ̀. Iwájú rẹ̀ jọ̀lọ̀ débi pé eṣinṣin tó bá bà á lè yọ̀ ṣubú. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò mọ áyọ́ọ̀nù rí, ìdí nìyẹn tí ọ̀gá kì í fi í kẹ̀yìn sí àlejò. Bó bá fẹ́ jáde nínú yàrá, á máa fi ẹ̀yìn rìn títí ọwọ́ rẹ̀ á fi kan ilẹ̀kùn. Àwọn àlejò a sì máa yìn ín pé ọmọlúàbí ni.

Iwájú-lọ̀gá, a-dojú-kọni-má-kẹ̀yìn, ọkọ ojúlé! "Iwájú, iwájú lọ̀pá èbìtì ń ré sí," ni ọ̀rọ̀ tó fi ń kí ara rẹ̀ láràárọ̀. Kò sẹ́ni tó rán an létí pé ẹran kan sábà máa ń wà lábẹ́ èbìtì bó bá ré.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni yíya inú ilé sórí kọ̀ǹpútà, kí onílé lè rí yàrá rẹ̀ kí káfíńtà tó fi ayùn kan pákó. Ètò tí wọ́n fi ń ṣe é ní àga àti tábìlì tirẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n ohun tí oníbàárà bá fẹ́ tí kò sí níbẹ̀, àfi kí ẹni tó mọṣẹ́ kọ́ ọ láti ara àwọn nǹkan kéékèèké: àpótí onígun mẹ́rin, òpó róbótó, bọ́ọ̀lù. Ẹ na àpótí kan kó fẹ̀, ó di ìjókòó. Ẹ ki òpó mẹ́rin bọ abẹ́ rẹ̀, ó lẹ́sẹ̀. Ẹ gé bọ́ọ̀lù sí méjì, ẹ ti ní abọ́ ìfọwọ́.

Ẹni tó mọṣẹ́ ni àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló ti lò nínú yàrá ẹ̀yìn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni gbogbo àga tí wọ́n fi ń yin ọ̀gá ti ń jáde. Orúkọ ọ̀gá ló ń wà lábẹ́ àwòrán. Bí àlejò bá béèrè ẹni tí obìnrin náà jẹ́, ọ̀gá á ní àbúrò ìyàwó òun ni, pé ó ń bá àwọn tan kọ̀ǹpútà.

Ní ọjọ́ kan, Màmá Agbẹ̀bí, obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tó ń kọ́ ilé ìgbẹ̀bí tirẹ̀, gbé iṣẹ́ wá. Ó fẹ́ bẹ́ǹṣì tí aboyún lè dìde lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á lọ́wọ́. Àbúrò Ìyàwó kọ́ ọ, ọ̀gá sì gbé e jáde. Ó wu màmá. Ó ní kí wọ́n ya òmíràn, kí ibùsùn ọmọ tuntun wà lára rẹ̀, òun á sì wá wò ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lábẹ́ ìyẹn," ni ó wí, "òun ni màá fi ṣe olórí lórí gbogbo àga àti ibùsùn ilé náà."

Ògiri yàrá ẹ̀yìn kò nípọn. Bí màmá ti lọ tán, Àbúrò Ìyàwó wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, màá ṣe é. Àmọ́ ẹ jẹ́ kórúkọ mi wà lábẹ́ ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí."

"Orúkọ wo? Àpótí mẹ́ta, òpó mẹ́rin. Ọmọdé ń fi páálí ìṣáná ṣe é."

Ọ̀gá ní òun fúnra òun ni yóò kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà bá òun du orúkọ. Ó ní kí obìnrin náà lọ sinmi nílé títí di ọjọ́ ìpàdé.

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n," ni obìnrin náà wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ ṣáà máa yí i wò."

"Ta ló ń kọ́ ta?"

Ètò kọ̀ǹpútà náà bi ọ̀gá bóyá láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́ tàbí láti iwájú ló fẹ́ máa wo yàrá. Ẹ̀yin náà mọ èyí tó mú. Bẹ́ẹ̀, ìwò iwájú a máa fi gíga àti fífẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n kì í sọ bí ohun kan ti jìnnà sí èkejì tó. Ọ̀gá ṣí àwòrán gbogbo ilé ìgbẹ̀bí náà, títí dé títì àti ilé aládùúgbò, ó to àpótí, ó to òpó, ó fa ibùsùn ọmọ ti ìjókòó. Lójú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé, ó gún. Fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, kò yí i wò lẹ́ẹ̀kan. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà tó tóbi ju bẹ́ǹṣì lọ.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Màmá Agbẹ̀bí mú agbẹ̀bí mẹ́fà wá, pẹ̀lú káfíńtà tí yóò kan bẹ́ǹṣì náà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Àbúrò Ìyàwó, nítorí ọ̀gá kò mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán kọ̀ǹpútà sára ògiri. Obìnrin náà so okùn, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bẹ́ǹṣì náà yọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ní ẹ wo ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ.

"Ó dára," ni màmá wí. "Yí i. Ẹ̀gbẹ́ làwọn aboyún mi máa gbà wọlé."

"Màmá, iwájú lẹwà ẹ̀ wà."

"Ẹ̀yìn ló máa ń dun aboyún, ọkọ mi. Yí i."

Ọ̀gá yí i. Ìjókòó wà nínú yàrá àlejò. Ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti la ògiri kọjá, ó wà nínú yàrá oògùn. Ẹsẹ̀ méjì dúró nínú ilé ìyàgbẹ́, méjì wà nínú ilé ìdáná. Ibùsùn ọmọ ti fo ọgbà, ó ń fì lókè títì.

Káfíńtà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èmi tí mo fẹ́ kàn án ló ń béèrè. Bọ́mọ bá ké, ṣé ọkọ̀ nìyá ẹ̀ máa wọ̀ lọ bá a?"

Ọ̀gá ní ara kọ̀ǹpútà ni kò yá. Ó sáré padà sí ìwò iwájú, ó ti èyí, ó fa tọ̀hún, ó ní ó ti pé.

"Yí i," ni màmá wí.

Ibùsùn ọmọ ti kúrò lókè títì. Orí òrùlé aládùúgbò ló wà báyìí. Àwọn agbẹ̀bí fi ọwọ́ bo ẹnu, ọwọ́ kò sì bò ó tán.

Màmá yíjú sí obìnrin tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ìwọ, kí lò ń fi ìka ṣe nínú afẹ́fẹ́ látàárọ̀?"

"Mo ń gbé ẹsẹ̀ yẹn bọ̀ láti ilé ìyàgbẹ́ ni, mà."

"Wá gbé e bọ̀ níbí."

Àbúrò Ìyàwó jókòó. Ó wo yàrá láti òkè, ó kó wọn jọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyá tó ń pe ọmọ wálé, ó so wọ́n pọ̀ di ọ̀kan, ó wá yí bẹ́ǹṣì náà po bí àwo. Ẹsẹ̀ kan kò mì.

"Ta ló kọ́ ti àkọ́kọ́?" ni màmá béèrè.

Obìnrin náà wo ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo bàtà rẹ̀.

"Mo ti gbọ́," ni màmá wí. "Pa orúkọ yẹn rẹ́. Kọ tìẹ."

Bí lẹ́tà ti ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan lára ògiri, Ọ̀gá Iwájú bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀yìn rìn jẹ́jẹ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ìgbáròkó gbá tábìlì. Ó fi gìgísẹ̀ kọ okùn.

"Ọkọ mi," ni màmá wí, láìgbé ojú kúrò lára ògiri, "yí padà, kó o má baà ṣubú."

Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó yí padà, ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì kọjú sí gbogbo wọn.

Káfíńtà tún bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.