Abẹ́rẹ́ Tó Dá Ẹ̀jẹ̀ àti Ìtọ̀ Dúró

Lọ́dún 1979, Sàlísù télọ̀ lọ yọ eyín l'Ékòó. Láti kékeré ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í ti í tètè dì, torí náà dókítà gún un lábẹ́rẹ́ kan kó tó fọwọ́ kan eyín náà. Nírọ̀lẹ́, ó di orí mú, ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ọ̀ṣunníkẹ́, nọ́ọ̀sì tí ilé wọn jọ kọjú síra n'Ífọ̀.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, orí ń fọ́ mi, èébì ń gbé mi."

"Pẹ̀lẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti dá. Abẹ́rẹ́ yẹn lágbára!"

"Kí ni dókítà ní kí o má ṣe?"

"Ó ní kí n má mu omi púpọ̀ títí di ọ̀la. Mo sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún un."

"Ìgbà wo lo tọ̀ kẹ́yìn?"

Sàlísù ronú. "Kí wọ́n tó gún mi."

Ọ̀ṣunníkẹ́ wo ikùn rẹ̀. "Kí lo mu?"

"Tíì ni, jọ́ọ̀gì kan. N kò mu omi."

"Ẹn-ẹ́n. Kẹrosíìnì lo fi pò ó."

"Mo tún mu ògì. Ìyẹn oúnjẹ ni."

"Oúnjẹ ni o. Lẹ́yìn oúnjẹ ńkọ́?"

"Mo fi ọsàn panu."

"Ó káre. Ẹ̀jẹ̀ ẹ dì, ẹ̀jẹ́ ẹ tú!"

"Àǹtí, mo ń ṣàìsàn, ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Ọ̀ṣunníkẹ́ ti dìde, ó ń wá bàtà. "Abẹ́rẹ́ tó dá ẹ̀jẹ̀ ẹ dúró náà ló dá ìtọ̀ ẹ dúró. Ọpọlọ wa ló ń ṣe irú oògùn yẹn fúnra ẹ̀. Òyìnbó ló ṣe èyí tó fara jọ ọ́."

"Ayédèrú ni wọ́n gún fún mi?"

"Ayédèrú tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ jù ọ́ lọ! Ó ní kí kíndìnrín ẹ má tú omi sílẹ̀, ìwọ sì ń bu omi sí i. Omi ti la ẹ̀jẹ̀ ẹ, iyọ̀ inú ẹ̀ ti dínkù. Tí ọpọlọ ẹ bá fi wú, gìrì ló kù."

Ojú Sàlísù wálẹ̀. "Ṣé ìdí nìyí tí mo fi ń rí yín ní méjì?"

"Ọ̀kan tó láti gbé ẹ lọ. Dìde!"

Ó dá mọ́tò dúró, ó gbé e lọ sí ọsibítù l'Ábẹ́òkúta. Wọn ò jẹ́ kó gbé ohunkóhun mì, wọ́n fa omi iyọ̀ sí i níṣan díẹ̀díẹ̀. Ọ̀ṣunníkẹ́ jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Nígbà tí oòrùn yọ, igbe ta.

"Àǹtí! Mo tọ̀ o! Mo tọ̀! Alihamudulilai!"

Ọ̀ṣunníkẹ́ fi etí ìró nu ojú. "Rọra. Obìnrin tó bí ìbejì lọ́hùn-ún ò ké tó báyìí."