Ẹṣin Kúkúrú Tí Mo Fẹ́ Kó Fọn

Bí mo dàgbà dàgbà, ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi: ọjọ́ tí ẹṣin tí kò ga ju ìbàdí mi lọ fà mí káàkiri àdúgbò wa l'Ájáh, tí gbogbo èèyàn sì ń kí i kí wọ́n tó rántí kí mi.

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ló ni ín tẹ́lẹ̀. Inú ọgbà wọn ní Lẹ́kkí Phase 1 ni wọ́n ń sìn ín sí, irú ẹṣin kúkúrú tí kì í ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó ti wù kó dàgbà tó. Nígbà tí wọ́n ń kó lọ sókè òkun, wọ́n ní kí n máa mú un lọ. Ẹnu mi ló kó bá mi, torí èmi ni mo máa ń yìn ín níwájú wọn. Àwọn ọdún yẹn ni wọ́n ń tún ọ̀nà márosẹ̀ ṣe, ìdajì ayé mi ni mò ń lò nínú ọkọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń gbé wa lọ síbi iṣẹ́ ní Free Zone, mo sì ń fi gbogbo rẹ̀ ka nǹkan nípa ẹṣin lórí fóònù. Àwọn tá a jọ ń wọkọ̀ mọ̀ pé tí wọ́n bá ti bi mí pé "ṣé dáadáa ni?", ọ̀rọ̀ pátákò ẹṣin ni màá fi dáhùn.

Kékeré ni mo sọ ọ́, ó sì sanra rọ̀bọ̀tọ̀. Dókítà ẹran tí mo pè fi ọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń wá egungun ìhà, kò rí. Ó di ọ̀rá ọrùn rẹ̀ mú bí ẹni di ìrọ̀rí mú.

"Bọ̀dá, tí ọ̀rá yìí ò bá dínkù, pátákò rẹ̀ á máa gbóná, ẹsẹ̀ á máa dùn ún. Ó lè má rìn mọ́ o. Koríko gbígbẹ ni kẹ́ ẹ máa fún un, ẹ máa wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ sì máa mú un rìn."

Mo ní mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́.

Mo dá èèrí àgbàdo tí mo ń fún un tẹ́lẹ̀ dúró. Mo ra òṣùwọ̀n, mo ń wọn koríko gbígbẹ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo ti kà á pé omi máa ń fa ṣúgà jáde lára koríko, ni mo bá ń rẹ ẹ́ mọ́jú nínú ike ìfọṣọ ìyàwó mi. Omi náà pọ́n bí omi àgbo. Ìyàwó mi ò wò ó dáadáa kó tó ki aṣọ funfun tó fẹ́ fi kírun Jímọ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Kí Kékeré má bàa máa sáré jẹun, mo ra ògbólógbòó àwọ̀n lọ́wọ́ àwọn apẹja etí ọ̀sà, mo di koríko sínú rẹ̀ kó lè máa fà á yọ díẹ̀díẹ̀. Kékeré gbóòórùn ẹja, ó yí ẹ̀yìn sí i. Mo fọ àwọ̀n náà títí, òórùn rẹ̀ kúrò lára àwọ̀n, ó bọ́ sí mi lára, àwọn ológbò àdúgbò sì ń tẹ̀ lé mi kiri.

Nítorí pé ilẹ̀ ti máa ń ṣú kí n tó ti ọ̀nà márosẹ̀ dé, mo bẹ ìyàwó mi pé kó máa mú un rìn nírọ̀lẹ́, láti ẹnu géètì wa dé mọ́ṣáláṣí, kí wọ́n sì padà. Lọ́jọ́ Àìkú, èmi a fi tépù télọ̀ yí i láyà ká. Tépù ń gùn sí i. Mo dín koríko kù. Tépù tún gùn. Mo ní tépù náà ló ti bàjẹ́, mo ra òmíràn, òun náà ò gbè mí. Ó rẹ̀ mí débi pé mo ń lá àlá tépù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí a ò lọ síbi iṣẹ́, ìyàwó mi lọ kí ìyá rẹ̀ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, èmi ni mo wá mú Kékeré jáde. A ò tíì rìn jìnnà tó fi dúró gbọn-in níwájú ìsọ̀ oníbúrẹ́dì.

"Alájì! Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, sà!" ni ìyá oníbúrẹ́dì kí.

Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin kọ́. Alájì ni mò ń kí." Wọ́n nawọ́ sí Kékeré.

Kí n tó la ẹnu, búrẹ́dì ti wọ ẹnu Kékeré.

"Mà, kì í jẹ búrẹ́dì!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ojoojúmọ́ ayé ló ń jẹ ẹ́. Àbí ẹ̀yin lẹ ń fi òṣùwọ̀n wọn oúnjẹ fún un? Ìyàwó yín ti sọ fún wa. Ẹni tó ń gbé nínú ilé yín! Ṣé góòlù ni koríko ọ̀hún ni?"

Mo fa Kékeré kúrò níbẹ̀. Àbí kí n sọ pé òun ló fà mí, torí ó ti ń sáré lọ bá alágbàdo, tó ti yọ tirẹ̀ sọ́tọ̀ dè é. Láti ibẹ̀, ó yà sọ́dọ̀ àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Inú akoto iṣẹ́ ni wọ́n ti po gàrí fún un, wọ́n sì ń da ṣúgà sí i. Ṣúgà! Èmi tí mo ń fi gbogbo òru fa ṣúgà jáde lára koríko!

Níwájú mọ́ṣáláṣí, Àfáà jókòó pẹ̀lú àwo mọ́sà tí ẹnì kan fi ṣe sàárà. Nígbà tí wọ́n rí okùn ẹṣin lọ́wọ́ mi, wọ́n dìde.

"Ẹ̀yin nìyí! Alihamudulilai. Gbogbo Jímọ̀ la ń ṣàdúà fún yín, pé kí Ọlọ́run rọ ọkàn yín sí Alájì."

Àwọn tó jókòó tì wọ́n ṣe àmín. Kékeré ti ki imú bọ inú mọ́sà.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: ọ̀rá, pátákò, ohun tí dókítà sọ. Ìyá oníbúrẹ́dì, tó ti tẹ̀ lé wa láti wò ó bóyá màá na Alájì, fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Yéè! Àwa la fẹ́ sọ Alájì di arọ?" Wọ́n yíjú sí mi. "Ṣùgbọ́n tó bá dúró síwájú mi, kí ni kí n fún un? Ṣé kí n kàn máa wò ó lójú ni?"

Nínú gbogbo ohun tí mo kà lórí fóònù, ẹnikẹ́ni ò kọ ìdáhùn sí ìyẹn. Èmi fúnra mi ni mo ronú kàn án. Láti ọjọ́ kejì, mo ń pín koríko rírẹ tí mo bá wọ̀n sọ́nà: ìdì kan fún ìyá oníbúrẹ́dì, ìdì kan fún alágbàdo, fún àwọn bíríkìlà, fún Àfáà. Àwọn ló ń fún un. Kékeré á jẹ, wọ́n á kí i, ọkàn kálukú á balẹ̀.

Nígbà tí mo fi ẹ̀sùn kan ìyàwó mi, ó ní, "Rírìn lẹ ní kí n mú un rìn. Ẹ ò sọ pé kí wọ́n má ṣe é lálejò."

Nígbà tó yá, dókítà rí egungun ìhà, ẹsẹ̀ Kékeré sì ń dún kò-kò-kò lórí títì. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ oúnjẹ ẹran l'Ájáh, àdúgbò ni kó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ kó tó ra òṣùwọ̀n.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ìyá oníbúrẹ́dì ò lè rí ẹni tó dúró níwájú ìsọ̀ wọn kí wọ́n jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá mú Kékeré kọjá, Kékeré á gba koríko, èmi á gba búrẹ́dì. "Ẹ gbà, bọ̀dá, ẹ̀yin náà ti rù jù." Alágbàdo náà ò gbẹ́yìn. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìyàwó mi mú tépù lọ́wọ́ mi, ó fi yí mi níkùn ká, ó wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, nígbà tí mo tú ikùn tí mo fà wọnú sílẹ̀, tí mo rí èémí mí.