Ọkọ Nanuli Papòdà Lórí Fóònù

Nanuli ará Georgia dúró létí fèrèsé ilé rẹ̀ ní Limoges, fóònù létí, ìwé atúmọ̀ èdè Faransé lábẹ́ abíyá, ìkòkò ẹ̀wà lórí iná. Lọ́la ni àwọn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ fẹ́ rí ojú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, íńtánẹ́ẹ̀tì ilé sì ti kú fin-ín. Láti àárọ̀ ni orin ilé-iṣẹ́ onítẹlifóònù ti ń dún sí i létí, kí ohùn ọkùnrin kan tó já wọlé, tó mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Màdáámù, ẹ káàsán o. Gonzague lorúkọ mi. Ayọ̀ ńlá ló jẹ́ fún mi láti ràn yín lọ́wọ́."

Orí Nanuli wú. Láti ìgbà tó ti dé ilẹ̀ Faransé, kò tíì sí ẹni tó sọ pé òun ń yọ̀ nítorí rẹ̀.

"Mùsíọ̀ Gonzague, ẹ kú iṣẹ́. Ilá mi ti kú."

"Ilá?"

"Ilá. Àná ló kú. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fà á yọ, mo tún kì í bọ ihò rẹ̀. Kò gbérí."

"Màdáámù, a kì í ṣe ọ̀gbìn níbí. Íńtánẹ́ẹ̀tì là ń tà."

"Íńtánẹ́ẹ̀tì náà ni! Ilá íńtánẹ́ẹ̀tì!"

"Háà, ìlà! Ẹ kú ìgbìyànjú. Ẹ jẹ́ n yẹ̀ ẹ́ wò fún yín. Ẹ má kúrò."

Orin tún bẹ̀rẹ̀. Òórùn ẹ̀wà tó ń jó gba inú ilé kan. Nanuli wo ìkòkò, ó wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Ọ̀gá ní kó má kúrò. Ó na ọwọ́ títí, ó na ẹsẹ̀ títí, kò kan ibi tí wọ́n ti ń pa iná.

"Màdáámù, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mi ò mira, ọ̀gá. Ẹ̀wà mi ń jó, àmọ́ mi ò mira."

"Ìyẹn dáa púpọ̀. Orúkọ Mùsíọ̀ Zaza ló wà lórí ìlà yìí. Òun nìkan ló lè bá wa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù fún un."

"Ọkọ mi ni. Kò sí nílé."

"Ẹ ránṣẹ́ pè é."

Brest ni Zaza wà ní tiẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé e lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Nanuli fẹ́ sọ kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó ń kọ́ ọ ní Faransé ti kìlọ̀ fún un pé ọ̀rọ̀ ṣákálá kò yẹ ọmọlúàbí. Ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ó wá bí èèyàn ṣe ń sọ pé ẹnì kan kúrò ní ipò kan bọ́ sí òmíràn, ó sì rí ọ̀rọ̀ kan tó dùn lẹ́nu bí oyin.

"Ọ̀gá, ọkọ mi papòdà."

Ohùn Gonzague rọ̀ bí bọ́tà inú oòrùn.

"Háà, màdáámù. Ilé-iṣẹ́ wa bá yín kẹ́dùn gidigidi."

"Ẹ ṣé o. Kò kúkú burú. Owó tí wọ́n ń san níbẹ̀ dáa."

"Níbo?"

"Níbi tó lọ."

Gonzague wúkọ́. "Ṣé ó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ ni?"

"Zaza? Ara rẹ̀ le bí irin! Àwọn tó lágbára ni wọ́n ń mú."

"Òótọ́ lẹ sọ. Àwọn tó dáa ló ń tètè lọ."

"Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ lọ, inú ọkọ̀ kan náà."

"Yéè! Lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Ó dín owó epo kù."

"Ó mà ṣe o. Ṣé kò jẹ̀rora kó tó lọ?"

"Ìrora kẹ̀? Orin ló ń kọ! Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ wa ni. Zaza ní òun ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Kí ilẹ̀ dẹ̀ fún un."

"Kò dẹ̀ o, ọ̀gá! Abẹ́ ilẹ̀ ni yàrá tí wọ́n fún un. Ó há, kò ní fèrèsé, orí rẹ̀ kan pákó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan pákó. Ó ṣàròyé rẹ̀ fún mi lálẹ́ àná."

"Ó... ṣàròyé?"

"Alaalẹ́ ló ń pè mí."

"Ọgbẹ́ ọkàn ni, màdáámù. Bó ṣe ń ṣe gbogbo opó nìyẹn."

Nanuli nàró. "Òpó? Bẹ́ẹ̀ ni! Èmi ni òpó ilé yìí báyìí. Gbogbo rẹ̀, èmi ló wó lé lórí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ wo ni ìsìnkú?"

Ìsinmi ni Nanuli gbọ́. "Ọjọ́ Àìkú. Etí òkun la máa wà. Ó ní ṣòkòtò pénpé lòun máa wọ̀."

"Ṣòkòtò pénpé."

"Èyí tó pupa. Òun fúnra rẹ̀ ló máa yan ẹja fún wa."

Gonzague mí kanlẹ̀, ó ka ohun tó wà níwájú rẹ̀ jáde: "Ilé-iṣẹ́ wa ń bọ̀wọ̀ fún àṣà ìsìnkú orílẹ̀-èdè gbogbo. Ó tán, màdáámù. Mo ti tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ: Mùsíọ̀ Zaza ti kú."

Èyí kò gba ìwé atúmọ̀ èdè. Ìwé náà já bọ́ lọ́wọ́ Nanuli, ó balẹ̀ gbì.

"Zaza kú? Zaza tèmi? Ìgbà wo? Kí ló pa á? Ẹ̀yin onítẹlifóònù, ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ̀yin ni, màdáámù."

"Èmi? Ilá ni mo pè yín sí!"

"Ẹ ní ó papòdà."

"Ó papòdà lọ sí Brest! Iṣẹ́ ló bá lọ! Yéè, mo gbé, wọ́n ti fi fóònù pa ọkọ mi!"

Bó ṣe ń sunkún ni fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni, Zaza ló fi ránṣẹ́: "Ìyàwó, níbo lo di ìbọ̀sẹ̀ mi sí?" Nanuli bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. Ìgbà yẹn ló tó kúrò létí fèrèsé, ó sáré lọ pa iná. Ẹ̀wà ti di èédú.

"Ó wà láàyè, ọ̀gá! Ó ń wá ìbọ̀sẹ̀!"

"Ilé-iṣẹ́ wa bá yín yọ̀ gidigidi." Ohùn tó fi kẹ́dùn náà ló fi yọ̀. "Àmọ́ ẹ̀rọ wa kò mọ bí wọ́n ṣe ń jí òkú. Olóògbé fúnra rẹ̀ ló máa pè wá, ìlà ilé yín yẹn ló sì gbọ́dọ̀ fi pè."

"Ìlà tó ti kú?"

"Òun náà."

"Kí òkú fi ìlà tó kú pè yín, kó wá sọ pé òun ò kú?"

"Ẹ rí i, màdáámù! Ẹ ti ń gbọ́ Faransé."

Nanuli wa eyín pọ̀. "Tí kò bá pè ńkọ́?"

"Tó bá kú, wàhálà tán. A kì í jẹ́ kí opó dúró pẹ́. Wẹ́rẹ́ ni màá gbé ìlà náà sórúkọ yín, òṣìṣẹ́ wa á sì dé kílẹ̀ tó ṣú. Tó bá wà láàyè, màá dá yín padà sídìí orin títí òun fúnra rẹ̀ á fi pè. Bọ́tìnnì méjì péré ló wà níwájú mi, màdáámù. Èwo ni kí n tẹ̀? Ṣé ó kú ni, àbí kò kú?"

Nanuli ro iṣẹ́ ọ̀la. Ó ro orin yẹn. Ó nu ojú, ó wúkọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́ tónítóní bíi ti ọmọ bíbí Limoges:

"Ọkùnrin dáadáa ni, Mùsíọ̀. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Aago mélòó ni òṣìṣẹ́ yín ń bọ̀?"