Eyínfúnjowó Tó Jẹ Ẹ̀wù Sányán

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ohun tó ń jóni kì í jẹ́ orúkọ méjì? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Inú mi sì ń dùn pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, torí bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, kí ni èmi ìyá àgbà yín ì bá máa wí láàárọ̀ yìí? Ẹ sún mọ́ mi. Kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà máa jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́ kí n lè gbọ́ ohùn ara mi, torí ìtàn yìí lọ́jú pọ̀. Èmi tí mò ń sọ ọ́ gan-an, ó máa ń lọ́ mọ́ mi lẹ́nu nígbà mìíràn.

Ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́, agbo ilé kan wà tó jẹ́ pé ọṣẹ ni wọ́n ń sè níbẹ̀. Bàbá Oyèékànmí ni baálé. Mosúnlọ́lá ni ìyálé, Àdùbí ló tẹ̀ lé e, Ìbídùn sì ni ìyàwó tuntun, tí làálì ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì ṣí. Nínú àgọ́ ọṣẹ, ìkòkò méjì ló wà, ohun tó wà nínú méjèèjì sì funfun báláú. Ọ̀kan jẹ́ sódà tí wọ́n ń dà sínú epo kó lè di ọṣẹ. Sódà yìí, ẹ̀yin ọmọ mi, bó bá kan awọ ara, á bó o bí ẹni bó iṣu sísè. Èkejì jẹ́ sítáàṣì lásán, tí a fi ń mú kí aṣọ le gbagidi.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ. Ẹni tó bá ti wà nílé kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ń rákò. Orúkọ àpọ́nlé ló gbọ́dọ̀ máa fi pè é. Mosúnlọ́lá ro ọ̀rọ̀ yìí títí, ó ní, ìkòkò sódà ti wà nílé kí òun tó dé, ọkọ òun ni. Ó kúnlẹ̀ kí sódà, ó sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Ó yíjú sí sítáàṣì, ó sọ ìyẹn ní Ìbàdíàrán.

Ìgbà tó yá, Àdùbí dé. Òun náà bá àwọn ìkòkò nílé, ọkọ ni wọ́n jẹ́ fún òun náà. Ìyàwó wo ló sì fẹ́ máa fi orúkọ tí ẹlòmíì fún ọkọ pe ọkọ? Ó wò wọ́n, ó ní sítáàṣì ló funfun jù lójú tòun. Ló bá sọ sítáàṣì ní Eyínfúnjowó. Ó wá sọ sódà ní Onínúure, torí ohun tó bá le, ẹnu dídùn la fi ń tù ú.

Bàbá tún ní àbúrò kan nílé, Ládépò, eyín rẹ̀ funfun bí òwú. Kí ni gbogbo àwọn ìyàwó ń pè é? Eyínfúnjowó. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí mo rí ẹni tó ti ń họ orí. Eyínfúnjowó Mosúnlọ́lá, sódà ni. Eyínfúnjowó Àdùbí, sítáàṣì ni. Eyínfúnjowó gbogbo wọn, Ládépò ni. Ó tán.

Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò dá ìjà sílẹ̀, torí Mosúnlọ́lá ló ń se ọṣẹ, Àdùbí ló ń fọ aṣọ. Àfi ọjọ́ tí Mosúnlọ́lá lọ kí ìyá rẹ̀, tó ní kí Àdùbí bá òun bu Eyínfúnjowó sí epo. Àdùbí bu sítáàṣì sí i. Ohun tó jáde kì í ṣe ọṣẹ, kì í ṣe ẹ̀kọ. Wọ́n tà á ní ẹ̀dínwó. Ọkùnrin kan fi í fọ ṣòkòtò, ṣòkòtò náà gbẹ, ó dá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ń kọjá, ó kí i, ṣòkòtò kò dáhùn, ìyá bínú lọ sílé. Kàkà kí àwọn ọlọ́ṣẹ wádìí, wọ́n ní epo ọdún náà ni kò dára.

Ìgbà yẹn ni Kábíyèsí ránṣẹ́ sí Bàbá Oyèékànmí pé oyè Ọ̀tún kàn án. Ó ti ń retí oyè yìí láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Ṣùgbọ́n nílùú náà, ẹni tí kò bá wọ sányán kò lè jẹ Ọ̀tún. Oyè á kọjá sí ilé kejì ni, kò sì ní padà wá mọ́. Sányán kan ṣoṣo ni Bàbá ní, èyí tí bàbá tirẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ó kó o fún Àdùbí pé kó fi sítáàṣì sí i. Àdùbí ń fọ ilé lọ́wọ́, ó ní kí Ìbídùn bu Eyínfúnjowó sómi, kó ri ẹ̀wù Bàbá bọ̀ ọ́.

Ìbídùn dúró. Ọ̀dọ̀ Mosúnlọ́lá lòun ti kọ́ orúkọ àwọn ìkòkò, sódà sì ni Eyínfúnjowó níbẹ̀.

"Ìyálé mi, ṣé kò ní jẹ ẹ́?"

"Ta ni kò ní jẹ kí ni?"

"Eyínfúnjowó."

Àdùbí rò pé ọ̀rọ̀ Ládépò ni Ìbídùn ń sọ. "Eyínfúnjowó ti jẹun láàárọ̀. Mo fún un ní mọ́ínmọ́ín. Lọ ṣe ohun tí mo ní kí o ṣe."

Ọ̀rọ̀ yìí bọ́gbọ́n mu lójú Ìbídùn. Ohun tó bá ti yó, kí ló tún fẹ́ jẹ? Ó bu sódà sómi, ó fi omorogun rò ó. Omi náà hó fúnra rẹ̀, láìsí iná nídìí rẹ̀. Ìbídùn ní ẹni tó bá yó, dandan ni kó làágùn. Ó ri sányán bọ̀ ọ́, ó lọ gún ata.

Ara kòkòrò ni òwú sányán ti ń wá, ẹ̀yin ọmọ mi, sódà sì fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí Ìbídùn fi igi gbé e sókè, iṣẹ́ ọnà ọrùn nìkan ló kù, torí òwú lásán ni wọ́n fi ṣe ìyẹn. Ó ń fì lórí igi bí àwọ̀n apẹja. Ìbídùn figbe ta pé Eyínfúnjowó ti jẹ ẹ̀wù Bàbá.

Bàbá gbọ́ láti inú ilé. Eyínfúnjowó kan ṣoṣo lòun mọ̀. Ó bá Ládépò níbi tó ti ń run orín.

"La ẹnu rẹ."

Ládépò la ẹnu. Fọ́nrán orín há sí i léyín. Bàbá fà á yọ. "Òwú rèé."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mọ́ínmọ́ín ni mo jẹ."

"Ta ló jẹ sányán rí tó jẹ́wọ́?" Bàbá wọ́ ọ lọ sáàfin tòun ti àwọ̀n ọrùn ẹ̀wù náà.

Kábíyèsí gbọ́ ẹjọ́, ó ní kí wọ́n mú Eyínfúnjowó wá. Mosúnlọ́lá gbé ìkòkò kan dé. Àdùbí gbé òmíràn dé. Ládépò ti wà níbẹ̀. Kábíyèsí wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó béèrè èyí tó jẹ ẹ̀wù nínú wọn. Ládépò ní òun kọ́. Àwọn ìkòkò kò fèsì. Ìbídùn ní Eyínfúnjowó ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe Eyínfúnjowó yìí, Eyínfúnjowó yẹn ni, èyí tó tún ń jẹ́ Onínúure. Kábíyèsí di orí mú, ó ní, "Ta tún ni Onínúure?"

Olóyè Ọláwọyin, tí oyè náà máa bọ́ sí ilé rẹ̀ bí Bàbá bá pàdánù, ní irọ́ ni gbogbo wọn ń pa, pé ìyẹ̀fun kì í jẹ aṣọ. Ó ní kí wọ́n po èyí tí Ìbídùn ń wí sómi. Ó ṣí fìlà sányán rẹ̀, ó jù ú sí i, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ẹ mọ̀ bí àwọn olóyè ṣe ń rojọ́. Kó tó dórí ọ̀rọ̀ baba ńlá rẹ̀ kẹta, wọ́n fi igi gbé fìlà jáde: etí rẹ̀ tó jẹ́ òwú lásán nìkan ló kù.

Kábíyèsí ní ó tán. Sányán tí kò ní fìlà kì í ṣe sányán pípé, ilé Ọláwọyin náà kò ní mọ́. Níwọ̀n bí ilé méjèèjì kò ti ní sányán, ẹni tí oyè kọ́kọ́ kàn ló ni ín. Oyè di ti Oyèékànmí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà nínú rẹ̀: kó rìn láti ilé dé ilé, kí ohun tó ń jóni ní gbogbo ìlú máa jẹ́ Ajóni, kó sì ní àmì kan ṣoṣo. Wọ́n wá jókòó ti ọ̀rọ̀ àmì. Ẹnì kan ní kí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọn. Àwọn kan ní, nílé tàwọn, ìkòkò epo pupa ni wọ́n ń so aṣọ pupa mọ́. Ẹnì kan ní kí wọ́n ya orí òkú àti eegun. Wọ́n ní ọmọ aráyé á rò pé eegun ọbẹ̀ ni. Níkẹyìn wọ́n ya ọwọ́ tí ìka rẹ̀ ti jó dànù. Ìyẹn yé gbogbo ènìyàn, kódà ọmọdé kó ọwọ́ sẹ́yìn.

Bàbá jẹ Ọ̀tún nínú dàńṣíkí ojoojúmọ́. Nígbà tó délé, àwọn ìyàwó kúnlẹ̀. Mosúnlọ́lá bi í pé, níwọ̀n bí kò ti yẹ kí àwọn máa pe Ọ̀tún lórúkọ, orúkọ àpọ́nlé wo ni kí kálukú àwọn sọ ọ́?

Bàbá wò wọ́n, ó wo ọrùn ẹ̀wù tó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀tún," ló wí. "Ọ̀tún ni kí gbogbo yín máa pè mí. Inú ń bí mi báyìí, mo sì ń jóni bí inú bá ń bí mi. Ohun tó ń jóni kì í jẹ́ orúkọ méjì."