Àṣẹ Kábíyèsí Lórí Jíìpù Tí A Kò Yẹ̀ Wò

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Òrombó, tonílé tàlejò! Èmi Láwọyin akéde ni Kábíyèsí rán. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Mò ń gbìyànjú!

Ẹ mọ̀ pé màlúù kọ lu jíìpù Kábíyèsí, iwájú rẹ̀ rún wómúwómú. Súfíánù panẹ́lì-bítà, tí gbogbo wa ń pè ní Ó-Ti-Parí, ló tún un ṣe. Ó lu irin, ó fi pọ́tì dí ihò, ó kun ọ̀dà. Ọ̀dà náà dán! Àwọn kan tilẹ̀ ń wò ó wé gèlè!

Ó wá ku kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ǹjẹ́ ó yẹ̀ ẹ́ wò? Rárá o! Ẹ mọ àṣà àwọn oníṣẹ́ wa: bí ọ̀dà bá ti gbẹ, àdúrà ló kàn, lẹ́yìn náà àkàrà. Wọ́n ṣàmín, wọ́n jẹ àkàrà, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ fún dírẹ́bà.

Jíìpù dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Odò Ẹ̀kù. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣí! Ó bo gíláàsì! Jíìpù já wọ oko gbágùúdá! Ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ̀, wọn ò ṣí! Kábíyèsí gba búútù jáde! Mo tún un sọ: Kábíyèsí gba búútù jáde! Ẹsẹ̀ wọn ló kọ́kọ́ yọ, lójú àwọn àna tó fẹ́ gbé ọmọ wọn níyàwó!

Bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, jíìpù yìí kan náà ni yóò gbé Ọmọọba Adébùsọ́lá relé ọkọ. Ìyàwó ò gbọdọ̀ ti inú búútù wọlé ọkọ! Kábíyèsí wá pàṣẹ báyìí:

Ìkínní: Gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ ṣí i, ẹ tì í, ẹ tún un ṣí!

Ìkejì: Kò sí àmín kí àyẹ̀wò tó parí. Ẹni tó bá jẹ àkàrà ṣáájú yóò bì í!

Ìkẹta: Ẹ da omi lé mọ́tò lórí, kí ẹ jókòó sínú rẹ̀. Bí omi bá kán sí yín lọ́rùn, ẹ má pè é ní òógùn!

Ìkẹrin, òun ló wúwo jù: Ẹni tó bá tún mọ́tò ṣe, ìyá ìyàwó rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé, níwájú, sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Odò Ẹ̀kù! Ẹni tí kò bá ní, kó lọ yá ti ọ̀gá rẹ̀! Ẹni tó bá kọ̀, fèrèsé ni yóò máa gbà wọ ilé ara rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta!

Láàárọ̀ yìí, Súfíánù wá sí ààfin. Ó ní jíìpù tí wọ́n dá padà fún òun ti parí pátápátá, kò ku nǹkan kan. Ó fi Ọlọ́run búra! Kábíyèsí ní ó dáa, wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá ìyàwó rẹ̀. Ìyá dé, wọ́n jókòó níwájú, wọ́n gbé báàgì lé itan, inú wọn ń dùn.

Súfíánù wo ìyá. Ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tún wo ìyá! Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó bẹ ìyá kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó ní ó ku díẹ̀ tóun fẹ́ yẹ̀ wò. Láti ìgbà náà ló ti ń tú jíìpù náà!

Iṣẹ́ ọba ni mo jẹ́, kì í ṣe tèmi. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ará oko. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọjá, ká lè jọ rín in!